Ohùn Bàbá Gba Ojú Ọ̀nà Kọkànlá Wọlé

Ilé Bàbá wa,
Plateau, Ṣábẹ̀ẹ́.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n Nafissatou,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo ti lọ́kọ! Èmi Sakinatou, àbúrò yín tó ń sọ pé òun kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni láyé, mo ti di ìyàwó Kọ́lápọ̀ láti oṣù tó kọjá, mo sì fi pamọ́ fún yín. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo kí yín o. Ara yín ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Ọkọ yín ńkọ́, àti gbogbo ará Pobè? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ara yín ti le, kí oorun sì ti padà sójú yín. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n kò pè yín lórí tẹlifóònù. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ máa mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lé rẹ́sò, ìsopọ̀ tẹlifóònù tó ń já yìí, lọ́wọ́ mọ́. Marcel onímọ́tò ló ń mú un bọ̀.

Ohun kejì tí a fi pamọ́ fún yín kò dùn bíi ti àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí wa. Ọ̀fun tó ń yọ Bàbá lẹ́nu ní Libreville kì í ṣe ikọ́ lásán. Àwọn dókítà ní dandan ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì sọ fún Màmá tó wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ yọrí sí rere, ohùn wọn lè má padà mọ́. Ìgbà yẹn ni dókítà tiyín ní kí ẹ máa dùbúlẹ̀ títí oyún á fi pé, kí ẹnikẹ́ni má mú ìròyìn tó lè já yín láyà wá. Màmá ní kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Ẹ má tíì sunkún: iṣẹ́ abẹ ti kọjá, Bàbá wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn.

Bàbá ló ní àwọn kò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìtíì fi ẹnu ara wọn fà mí fún ọkọ. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é nílé wa: ìyàwó á bo orí, á kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀; ẹ̀gbọ́n bàbá á bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ṣé o fà á fún wọn?", bàbá á sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́lápọ̀ dábàá pé kí Bàbá gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bàbá Issa, ẹ̀gbọ́n wọn, yarí kanlẹ̀: "Ohùn tí a tọ́jú pamọ́ kò gbọ́ ìbéèrè mi. Báwo ló ṣe máa dáhùn?" A ní kí a kàn pè wọ́n lórí tẹlifóònù ńkọ́? Wọ́n ní ohùn àbúrò àwọn ti há débi pé ẹnikẹ́ni lè jókòó síbẹ̀ kó máa hó bí ìkòkò. Àfi kí àwọn rí ẹnu tó ń sọ ọ́. Bó ṣe di ọ̀rọ̀ fídíò nìyẹn.

Ẹ sì mọ ilé wa, bí àpáta ṣe dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dí rẹ́sò mọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún wa ni ẹ̀rọ wifi tí Bàbá ní kí wọ́n gbé sí pálọ̀, tí wáyà rẹ̀ gun òpó lórí òrùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo rí Bàbá lórí ibùsùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán la fi àdéhùn sí, nítorí pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì á wá múra wọn sílẹ̀, wọn á sì gba tẹlifóònù.

Ìfẹ́ àwọn aládùúgbò ló fẹ́ pa wá. Ẹ rántí Ìyá Zénabou, tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ìnáwó kì í wáyé nílé wa kí wọ́n má kọ́kọ́ gbé ìkòkò àti àga wá, kí gbogbo àdúgbò tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbọ́ pé wifi ni ìyàwó yìí nílò. Wọ́n yọ ẹ̀rọ wifi ilé wọn, àwọn kékeré tó ń lo káàdì SIM yẹn, wọ́n fi gèlè wé e bí ọmọ, wọ́n gbé e dé. "Ẹ gbà, ẹ fi kún un, kó lágbára." Àwọn yòókù rí wọn, àwọn náà gbé tiwọn wá. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ wifi ti kún orí tábìlì yí ti Bàbá ká, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú wìnnìwìnnì, a sì ń kí olúkúlùkù kú ìnáwó. Èmi náà dúpẹ́! Mo rò pé ó ń pọ̀ sí i ni, bí omi tí a ń pọn dà sínú àmù.

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fi tẹlifóònù sí mi lọ́wọ́ lábẹ́ ìbòrí, Bàbá Issa sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti máa wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú Bàbá yọ, ó sì dì gbagidi, ẹnu wọn là sílẹ̀. Bàbá Issa bèèrè: "Àbúrò mi, ṣé o fà á fún wọn?" Kò sí ìdáhùn. A tún pè, ó já. A tún pè, àwòrán náà fọ́ wẹ́wẹ́. Kọ́lápọ̀ gbé ẹ̀rọ Bàbá lọ sójú fèrèsé, ó gbé e padà, òógùn ń wẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan láti ìdílé ọkọ sọ ọ́ tí mo fi gbọ́: "Àbí bàbá ìyàwó kò fẹ́ ni?" Màmá kọ̀wé ránṣẹ́ pé kí a yára, nọ́ọ̀sì ti yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Ìdáhùn mi wà nínú ọ̀fun Bàbá, ilẹ̀ á mọ́, wọn á sì gé e dànù mọ́ ohùn wọn. Omijé mi ń kán sórí tẹlifóònù, n kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti rántí ohun kan tí Kọ́lápọ̀ fi sínú tẹlifóònù mi, tó máa ń fi gbogbo wifi tó wà nítòsí hàn bí òkè. Mo ṣí i lábẹ́ ìbòrí. Àfi bí ẹni pé gbogbo òkè Ṣábẹ̀ẹ́ gun ara wọn lórí! Wifi ní ojú ọ̀nà tó ń gbà, kánáàlì ni wọ́n ń pè é, ó sì ní nọ́ńbà. Gbogbo ẹ̀rọ orí tábìlì yẹn, ti Bàbá pẹ̀lú, orí ẹ̀kẹfà ni wọ́n jọ há sí, bí wọ́n ṣe rà wọ́n lọ́jà. Kò sí èyí tó ń ran ìkejì lọ́wọ́. Ńṣe ni wọ́n ń pariwo bo ara wọn.

Mo ṣí ìbòrí, mo kígbe: "Ẹ pa wọ́n! Ẹ pa gbogbo wifi yẹn!"

Bàbá Issa di orí mú: "Ìyàwó tó ń sọ̀rọ̀ kí bàbá rẹ̀ tó fà á! Ta ló kọ́ ọ?" Ìyá Zénabou dìde, ojú wọn ti pọ́n: "Mo gbé ìkòkò wá, ẹ fi sebẹ̀. Mo gbé àga wá, ẹ jókòó lé e. Wifi mi wá ni ẹ̀ ń lé?" Mo fi orúnkún rìn lọ bá wọn, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo ní, "Ìyá mi, bí gbogbo yín bá pè mí lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni mo fẹ́ dá lóhùn? Bàbá mi ń pè mí, n kò gbọ́ wọn." Ìyá Zénabou fa wáyà tiwọn yọ, wọ́n sì yíjú sí àwọn tó kù: "Kí lẹ tún ń wò? Ẹ yọ ọ́! Wifi kì í ṣe ìkòkò."

Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dì, nítorí pé ẹ̀rọ àwọn ilé tó yí wa ká ṣì wà lórí ẹ̀kíní àti ẹ̀kẹfà. Kọ́lápọ̀ wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, ó gbé e sí ẹ̀kẹta, pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn fẹ̀ ju nọ́ńbà wọn lọ. Ẹni tó bá dúró ní ẹ̀kẹta, eruku ẹ̀kíní àti ti ẹ̀kẹfà ni yóò máa jẹ. Mo fi tẹlifóònù hàn án: ibi tí kọkànlá wà ṣófo, kò sí òkè kankan níbẹ̀. Ó yàn án. Gbogbo iná ẹ̀rọ náà kú. Iná kan tàn, òmíràn tẹ̀ lé e, tẹlifóònù mi dún, Bàbá sì yọ sí mi kedere, títí kan irun funfun àgbọ̀n wọn.

Bàbá Issa tẹjú mọ́ ẹnu wọn, wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta: "Mo fà á fún wọn." Ohùn náà há, ṣùgbọ́n ó dé. Nọ́ọ̀sì ti na ọwọ́ sí tẹlifóònù nígbà tí Bàbá ní kó dúró. Wọ́n ní: "Àyìnkẹ́ ńkọ́? Àyìnkẹ́ mi? Ẹ sọ fún ẹni tó wà níkùn rẹ̀ pé kó rọra, ọmọ mi ló ń gbé e." Orúkọ yín, tí àwọn nìkan ń pè yín, ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ kejì, ohùn kò padà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí, Màmá ní wọ́n ti ń fi ọwọ́ bínú pàápàá.

Wọ́n ń bọ̀ wálé. Nígbà náà la ó ṣe àjọyọ̀ tí a kò lè ṣe lọ́jọ́ yẹn. Kí Ọlọ́run dá ọmọ yín sí, kó jẹ́ kó gbọ́n, kó jẹ́ kó pariwo dáadáa. Kí ilé yín tutù, kí ọ̀nà tí ẹ ó gbà wá là gbọọrọ.

Èmi ni àbúrò yín, ìyàwó ọ̀ṣìngín,
Sakinatou.

Àfikún: Kọ́lápọ̀ fi tẹlifóònù tirẹ̀ gba ibi tí Bàbá ti pe Àyìnkẹ́ sílẹ̀. Bàbá Issa ní ohùn tí a tọ́jú kò lè dáhùn ìbéèrè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì lè pe ọmọ. N kò ní fi í ránṣẹ́, kó má lọ já lójú ọ̀nà. Ẹ ó gbọ́ ọ níbí, kí Bàbá jókòó tì yín, kí wọ́n di ọwọ́ yín mú. Ẹ mú ọmọ, ẹ mú ọkọ yín, ẹ sọ fún gbogbo ẹbí tó wà ní Pobè, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́ kù: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù kejìlá.