Ilé Tí A Kò Sin Ẹnikẹ́ni Sí

Àgbádárìgì, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ, 1961

Ọjọ́ kẹta rè é nínú ilé tí mo háyà létí òkun. Inú àwọn ọmọ ń dùn. Ìyá mi nìkan ni ara wọn ò balẹ̀.

Èmi ni mo ní kí wọ́n wá. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, wọn ò kúrò ní Òkúkù. Mo rò pé òkun á mú ọkàn wọn fúyẹ́ díẹ̀.

Lánàá a lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn òyìnbó àtijọ́. Mo ṣàlàyé títí bíi tíṣà tí mo jẹ́. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ta ni wọ́n sin síbẹ̀?" N kò mọ̀.

Láàárọ̀ yìí mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀ káàkiri. Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń wá?"

"Adé, bàbá rẹ ni mo fẹ́ kí. Nílé, mo mọ ibi tí mo máa kúnlẹ̀ sí."

Inú pálọ̀ wa la sin Bàbá sí. Láràárọ̀, Ìyá kì í jẹun kí wọ́n tó kí Bàbá níbẹ̀. Mo mọ̀, mo kàn gbàgbé ni. Báwo lèèyàn ṣe ń gbàgbé irú ìyẹn?

Àṣé láti àná ni wọn ò ti fẹnu kan nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ wọ́n bi mí pé apá ibo ni Òkúkù wà. Mo nawọ́ sí i. Wọ́n kẹ̀yìn sí òkun tí mo mú wọn wá wò, wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Adé."

Ilẹ̀ ti ń ṣú.