Mo Ti Bá Yín Rí Erin

Bàbá mi, ọlọ́dẹ tó kọ́ mi ní igbó,

Ẹ kú ní ọjọ́ kejì ọdún Iléyá, ọdún tí wọ́n bí Ràfátù, àkọ́bí mi. Ìyá rẹ̀ náà ti kú báyìí. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá la sin ín. Ṣé ẹ ti ríra yín níbi tẹ́ ẹ wà? N kì í sunkún mọ́. Nǹkan mìíràn ni mo wá sọ. Ràfátù ló ń bá mi kọ ọ́, torí ẹ mọ̀ pé ẹ ò rán mi níléèwé.

Bàbá, mo ti rí erin. Kì í ṣe ti inú àwòrán.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi oríkì kí i? Ẹ ó máa bó iṣu, ẹ ó máa kí erin. Ẹ ó fín aáṣà, ẹ ó sín, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Erin sì ti tán nígbó Ìjàyè kí wọ́n tó bí yín. Bí a bá gbé ẹran ìgbẹ́ lọ ọjà Ṣáṣá, àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́:

"Bàbá ọlọ́dẹ, ẹni tẹ́ ẹ ń kí lójoojúmọ́ yìí, ṣé ó ń dáhùn?"

Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa kú, ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ kí i títí, ẹ ò rí i. N ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà.

Kẹ́ńyà ni Ràfátù ń gbé, ó ń bá wọn dáàbò bo erin. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó ní kí n wá bá òun níbẹ̀, kí n má jókòó sójú kan bí àpótí. Àwọn ọmọ òyìnbó àti ọmọ adúláwọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi wọ́n pé ṣé orí wọn pé. Lẹ́yìn náà mo bá wọn ṣe é.

Erin máa ń ti inú igbó wá jẹ àgbàdo níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ á bínú, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ gún un. Bàbá olóko tó gbà wá, Mùsùlùmí ni bíi tèmi, a ò gbọ́ èdè ara wa, àfi "Àsàlámù aléékùn." Abo erin kan ló jẹ oko rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bàbá náà ti pọ́n ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Ràfátù túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ó búra, bí erin náà bá tún wọlé, òun á pa á. Iṣẹ́ tiwa ni kó má wọlé. A gún ata, a pò ó mọ́ ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú, a ri àkísà sínú rẹ̀, a so wọ́n mọ́ okùn yí oko ká, torí erin ò fẹ́ràn òórùn ata.

Mo wo okùn yẹn, mo ní ààlè rèé! Ni mo bá wá àlòkù ìgbálẹ̀, mo fi ṣùkù àgbàdo kún un, mo mú sálúbàtà mi kan tó ti já, mo so wọ́n rọ̀ sójú ọ̀nà, bí ẹ ṣe máa ń so ó sí oko iṣu wa kí olè má bàa dé ibẹ̀. Ràfátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Bàbá, erin kì í ṣe ará Ìjàyè o! Ta ló fẹ́ bẹ̀rù sálúbàtà yín?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Olè ni olè ń jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán, ni abo erin náà bá jáde. Bàbá, bí ilé ló ṣe ń rìn bọ̀, kò sì dún. Ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó wá tààrà síbi ààlè mi. Ó fi imú gígùn yẹn já sálúbàtà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá olóko ti dìde tòun tọ̀kọ̀. Ràfátù di apá mi mú. Mo la ẹnu, ohùn yín ló sì jáde:

"Ọlọ́lá inú igbó, a-rìn-má-sáré, ibi tí o bá gbà kọjá ni wọ́n ń pè lọ́nà..."

Ó dúró. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀. Mo kí i títí dé ibi tí ẹ ti máa ń sín. Bàbá, òun náà sín! Ó gbọn orí, ó fi imú darí ọmọ rẹ̀, wọ́n yí padà wọ igbó.

Ràfátù ní ata ni. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ṣé ata ni?

Erin náà tún wá lẹ́yìn ìgbà náà, kò kọjá okùn. A kórè àgbàdo yẹn wọlé, ọ̀kọ̀ bàbá olóko sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sun èyí tí a kọ́kọ́ ṣẹ́ fún mi. Mo gbé sálúbàtà mi bọ̀ wálé, ó ti fẹ̀ bí àwo. Òun ni mo fi pa ààlè sí oko iṣu wa báyìí. Gbogbo Ìjàyè ló ń wá wò ó, olè kankan ò yà síbẹ̀. Kí àwọn tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ṣáṣá tún lanu báyìí!

Ẹ sọ fún mi pé ọkùnrin nìkan là ń kọ́ ní kíkí erin. Ẹ má bínú, mo ti kọ́ Ràfátù. Ohùn rẹ̀ ròkè ju tiyín lọ, kò sì fín aáṣà. Èmi ti rí i, mo ti kí i, ó tó mi. Ràfátù ń padà lọ Kẹ́ńyà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi erin lé. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn obìnrin lókèèrè, tó ń kí ẹni tẹ́ ẹ kí títí tẹ́ ẹ ò rí, ẹ má wá mi mọ́. Ràfátù ni.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó fi ojú tirẹ̀ bá yín rí i.