Ìràwọ̀ Méjì Lórí Pátákó Kan

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Ìlàjẹ,
Bàrígà, Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1984.

Sabina, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọkọ rẹ, Bọ̀dá Ezekiel, lẹ́nu ti rọlẹ̀? Ara màmá mi ti ń yá ní Ọ̀yọ́, a dúpẹ́. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe kí n má kí ọ.

Ṣé o rántí ilé-ìwé alẹ́ wa? Tíṣà Rájí sọ fún wa pé àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ojú ń rí bí ẹyọ kan, tí wọ́n sì jẹ́ méjì. Wọ́n ń yí ara wọn po, wọ́n sún mọ́ra débi pé ara wọn kanra, ọ̀kan a máa fa ara èkejì mu, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo nígbẹ̀yìn. Ìwọ lo fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, o ní àwa nìyẹn. Nígbà tí ìlú wá le lábẹ́ àwọn ológun yìí, tí bébà wọ́n bí ojú, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gé bébà láti Bàrígà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ṣómólú, kí iṣẹ́ ìdìwé wa lè di ọ̀kan. A ní kí wọ́n ya ìràwọ̀ méjì sórí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i.

Mo dé lọ́jọ́ Ẹtì láti Ọ̀yọ́ tí mo ti lọ tọ́jú màmá mi, ìràwọ̀ kan ni mo bá lórí pátákó náà. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi bo èkejì àti orúkọ mi. Mo ṣì ń wá àwáwí fún ọ lọ́kàn mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ò ń sọ fún oníbàárà kan pé, "Kausarat kẹ̀? Ọmọṣẹ́ mi ni jàre, ó ti padà sílé wọn."

N kò wọlé. Ó dùn mí, Sabina, ó dùn mí wọra. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. N kò mọ̀ pé ó ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà.

Lánàá, mo lọ bi Tíṣà Rájí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ pé méjì ni irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀kan bá bọ́ síwájú èkejì, ìmọ́lẹ̀ wọn á dín kù. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí o wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ mi ṣì ń ṣí i. N kò gbé ẹ̀rọ náà, ọ̀bẹ rẹ̀ nìkan ni mo tú. Bí àwọn oníbàárà bá dé lọ́la tí bébà kò ṣeé gé, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Mo fi àkísà wé ọ̀bẹ náà, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọjọ́ tí o bá ní kí wọ́n tún ìràwọ̀ mi yà ni màá gbé e wá.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Oyin tí mo rà bọ̀ láti Ọ̀yọ́ wà lórí tábìlì rẹ, ikọ́ Bọ̀dá Ezekiel ni mo rà á fún.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, n kì í ṣe ọmọṣẹ́ rẹ,
Kausarat.