Ẹ Má Tíì Fi Tábìlì Mi Fún Ẹlòmíràn

Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa. Mo lérò pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Ara tèmi ò tíì dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n ó ti sàn ju bí ẹ ṣe rí i kẹ́yìn lọ.

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn yìí: "Oṣù kan ni mo fún ọ. Bí o ò bá lè dúró ti tábìlì rẹ nígbà náà, màá fi ẹlòmíràn sí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ̀wé.

Àwọn dókítà ti fún ìrora mi lórúkọ: faiburomayáájíà, àìsàn tó ń mú gbogbo ara roni. Wọ́n ní egungun ò kán, iṣan ò já. Ara ló ń pariwo lórí ohun tí kò tó ariwo. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò egungun tí mo yà ò fi rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sétí Ayùn, ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, elẹ́nu mímú tó ń pè mí ní Baba Arúgbó. Mi ò ya ọ̀lẹ.

Ojoojúmọ́ ni àwa aláìsàn ń ṣe eré ìdárayá níbí: à ń rìn, à ń gun àtẹ̀gùn, à ń wọnú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, à ń gbé irin kéékèèké. Obìnrin tó ń darí wa, tá a ń pè ní Ìyá Aago, fún oníkálùkù ní aago kékeré kan. Bó bá ti dún, kóo jókòó, kódà bí agbára bá ṣì kù.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Lọ́sẹ̀ kìíní, mo fi àkísà di aago tèmi, mo tì í bọ àpò, mo sì ń rìn títí gbogbo wọn fi jókòó tán. Orí mi wú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mi ò lè gbé ṣíbí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lórí ibùsùn. Ìyá Aago tú àkísà náà lójú mi, ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe agbára lo ò ní, sùúrù ni. Ṣé pákó tútù lo fi ń kan ilẹ̀kùn níbi iṣẹ́ yín?" Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín ni mo rántí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé pákó tá a bá kánjú sá, ó ń bọ̀ wá là.

Látìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ràn sí aago lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ní kí n rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà kí wọ́n fi wo agbára mi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni mo sì lè rìn dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lánàá, ó di ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Láàárọ̀ yìí, mo dìde láìdi ògiri mú.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, mo ti dé. Màá dúró ti tábìlì mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín: bí aago bá dún, màá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ayùn ì báà rẹ́rìn-ín títí kó ṣubú. Bí ẹ ò bá lè gba bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ lójú mi. Kí n ṣáà kọ́kọ́ dé.

Irin ò ní gé yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ ò ní wọ́n yín. Ẹ ó jẹun ọmọ, àti tèmi náà.

Èmi ni ọmọṣẹ́ yín olóríkunkun.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: ẹ má wulẹ̀ wá àga sílẹ̀ dè mí. Ẹ kàn fi àgékù pákó mẹ́rin sábẹ́ tábìlì mi. Èmi fúnra mi ni màá kan àpótí tí màá máa jókòó lé.