Àdúrà Ìyá Rẹ Nínú Ráútà

Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Kejìlá, 2021.

Adémúyìwá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, òun náà sì ti dàgbà.

Mo ti ra ráútà tí o ní kí n rà, kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè dé gbogbo ilé, kí Ìbíkẹ́ ìyàwó rẹ sì lè máa ṣe iṣẹ́ yunifásítì rẹ̀ láìgun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Ìwòyè lójoojúmọ́. Ẹni tó ń tà á fẹ́ gbé èyí tó níwo mẹ́fà fún mi. Mo bi í bóyá ẹran Iléyá ni mo wá rà. Èyí tó níhò lẹ́yìn ni mo mú, tí a lè ki díìsìkì bọ̀, kí gbogbo ará ilé lè máa ti inú fóònù wọn kó fọ́tò àti ohùn pa mọ́ síbẹ̀.

A gbé e délé tán, ìyá rẹ fi aṣọ léèsì bò ó bó ṣe ń bo tẹlifíṣọ̀n, ó tún tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, láàárín àwọn abọ́ tí a kì í fi jẹun. Ẹ̀rọ náà gbóná janjan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dé yàrá Ìbíkẹ́. Ìbíkẹ́ gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí òun ni. Èmi ni mo gbé e jáde.

Kí n má purọ́ fún ọ, ọkàn mi kò balẹ̀. O mọ ìyá rẹ: bó bá fẹ́ràn ènìyàn, ṣe ló máa ń dákẹ́ sí i. Ìbíkẹ́ ka ìdákẹ́ náà sí ìkórìíra. "Ẹ káàárọ̀, mà," "Ẹ kú alẹ́, mà," ó parí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún mi pé òun ti rí yàrá kan sí Àgọ́-Ìwòyè. "Bàbá, mi ò bínú o, ṣùgbọ́n Mọ́mì ò fẹ́ mi nílé yìí." Ẹ̀rù bà mí, nítorí ìyàwó tó bá kó lọ báyẹn, àtipadà rẹ̀ kì í rọrùn.

Ìyá rẹ kò mọ̀ rárá. Ààwẹ̀ ìjọ ló ń gbà, àdúrà tó ń sọ sínú fóònù láti fi ránṣẹ́ sí ọ sì ti kún fóònù náà. Mo kọ́ ìyá rẹ bó ṣe máa kó wọn sínú díìsìkì. Ó rò pé fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀ níbẹ̀, bí àpótí aṣọ tí kálukú ń tì. Kò mọ̀ pé ẹyọ kan náà ni gbogbo wa ń ṣí.

Bí Ìbíkẹ́ ṣe ṣí díìsìkì náà láti wá fọ́tò ìgbéyàwó yín tó fẹ́ kó lọ, ó tẹ ohun tí kò mọ̀. Ohùn ìyá rẹ gba ilé kan: "Olúwa àwọn ọmọ ogun, mi è mọ ọ̀rọ̀ dídùn ún sọ. Bá mi sọ fún Ìbíkẹ́ pé ọmọ mi ni. Má jẹ̀ẹ́ kílé mi sú u."

Ìyá rẹ sáré jáde láti ilé ìdáná. "Yéè! Bàbá Múyìwá, ẹ ti kó mi síta!" Ìbíkẹ́ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àkókò àtiṣínu tó, ìyá rẹ kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ ní kí n bá òun pa ohùn náà rẹ́ kíákíá. Bí mo ṣe ṣí i, mo rí ohùn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìbíkẹ́ ni: "Àmín, Màámi."

Ìyá rẹ ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó àwọn abọ́ tí a kì í fi jẹun jáde, ó sì fi wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún ìyàwó rẹ. Inú mi dùn, ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi.

Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilé rẹ kò ní tú. Ayọ̀ ni wàá fi bá gbogbo wa nílé.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Oyèbọ̀dé.

Mo tún rántí: aṣọ léèsì ti padà sórí ráútà o. Ìbíkẹ́ ló gé ojú sí i kí ẹ̀rọ lè máa mí, ìyá rẹ ló rán etí rẹ̀.