Ta Ló Ń Fi Fóònù Mi Ṣe Àmín Ọdún?

Admin, ẹ dákun, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará Ọ̀jọ́ pọ̀ lórí page yìí. Èmi ò ní ẹ̀sìn. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí. Mi ò kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò kì í lọ mọ́ṣáláṣí, mi ò sì bọ òrìṣà kankan o, ẹ má tíì máa bú mi... Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, ìgbàgbọ́ yẹn kàn tán lọ́kàn mi ni, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ọkọ mi nìkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Okokomaiko. Ẹ̀yin náà mọ bí ọdún ṣe máa ń rí fún aránṣọ, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe Kérésì, gbogbo ayé ló fẹ́ gba aṣọ lọ́jọ́ kan náà. Mi ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú ẹ kú ọdún. Mo máa ń kí gbogbo èèyàn, mo ń jẹ ẹran Iléyá, mo ń jẹ ìrẹsì Kérésì, mo tiẹ̀ máa ń se tèmi náà fún àwọn aládùúgbò wa ní Igbó-Elérin. Àmín yẹn gan-an ni kì í jáde lẹ́nu mi, torí ó máa ń dà bíi pé mò ń purọ́ mọ́ èèyàn lójú. Tí kọ́sítọ́mà bá gba aṣọ tán tó ní Ọlọ́run á bù sí i fún mi, màá ní ẹ ṣé mà, ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó o... ó parí nìyẹn. Àmọ́ ìyá ọkọ mi kì í ṣe kọ́sítọ́mà.

Ìbà ni màmá ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àràárọ̀ ni wọ́n ń fi voice note àdúrà ránṣẹ́ sórí group ẹbí, gbogbo ilé á sì máa rọ́ àmín lé e lórí. Èmi ti mute group yẹn tipẹ́, mi ò kì í ṣí i. Ẹ̀rù ń bà mí o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìyàwó àbúrò màmá kan wà nígbà kan tó máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Àwọn ẹbí ní ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́, wọ́n ní ẹni tí àdúrà bá ń gún lára, ẹ bi í léèrè ohun tó gbé pamọ́. Obìnrin yẹn ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Wọ́n lé e jáde, ọmọ méjèèjì ló fi sílẹ̀ lọ. Èmi náà ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin... ṣé ẹ ti wá mọ ohun tó ń lé mi?

Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, màmá wá gba aṣọ wọn ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sáré dì mọ́ mi, wọ́n ní àmín mi ń múnú àwọn dùn, pé láti ọdún Àjíǹde ni èmi ti máa ń kọ́kọ́ dáhùn ṣáájú gbogbo ìyàwó ilé. Àmín ibo? Wọ́n yọ fóònù wọn, wọ́n fi hàn mí... orúkọ mi, fọ́tò mi, Àmín lórúkọ Jésù mà, ọdún á yabo, ẹ ó ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Orí mi wú! Wọ́n tún wá gbàdúrà kan lé mi lórí níbẹ̀, wọ́n sì ń wo ẹnu mi. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò, ẹ gbà mí gbọ́. Mo fi ikọ́ bò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní lọ́jọ́ kìíní ọdún, tí gbogbo ẹbí bá pé jọ sílé àwọn, èmi ni màá gbàdúrà ọdún tuntun. Ṣé ìfẹ́ ni, àbí pàkúté?

Mo yẹ fóònù tèmi wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ ń pa á rẹ́ lórí tèmi tó bá ti fi ránṣẹ́ tán. Mo kọ́kọ́ fura sí onídìrí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, torí ó máa ń yá fóònù mi pè, mo ń wo ọmọ ọlọ́mọ bí olè, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ni mo bá dẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi fóònù sórí tábìlì, mo ní mo fẹ́ lọ wẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó máa hó, mo yọ́ padà wọlé. Ọkọ mi ló di fóònù mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n ṣe ṣe ìyàwó yẹn ni. Ó ní ẹnu lásán ni àmín, kí n lọ gbàdúrà náà kí ilé lè tòrò. Inú bí mi, mo sunkún, àmọ́ lẹ́yìn náà inú mi tún dùn, mo ní ẹ wo ọkùnrin tó ń gbèjà mi lẹ́yìn. Mo tiẹ̀ ti ń kọ́ àdúrà yẹn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àfi àná tí mò ń wẹ ọmọ mi. Iwájú orí ẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Òróró ni. Mo bi í, ó ní Daddy ló máa ń ra òróró àdúrà màmá sí òun lórí tí mo bá ti jáde lọ ṣọ́ọ̀bù, pé kí òun má sọ fún Mummy. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá ló ń ra òróró sí ọmọ lórí, ì bá rà á lójú mi, mi ò ní bá a jà. Kí ló wá dé tó fi ń pa á mọ́? Kí ló dé tó fi ń dúró dìgbà tí mo bá jáde? Mi ò tíì bi í. Mo ń wò ó, ó ń wò mí, a jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀la ni ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi. Ṣé kí n lọ gbàdúrà yẹn? Ṣé kí n mú ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ màmá mi l'Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́? Torí àwa mẹ́ta péré la ń gbé inú ilé yẹn o, èmi, òun, àti ọmọ. Tó bá jẹ́ òun ló ń ra òróró, tó jẹ́ ọmọ ló ń rà á sí lórí... lọ́wọ́ ta ló wá ń dáàbò bo ọmọ yẹn, tí kì í bá ṣe lọ́wọ́ èmi?