Awẹ́ Obì Méjì àti Ọ̀rọ̀ Ọlálérè

Àjíbíkẹ́ ọmọ mi,

Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mo pé yìí, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe dókítà, ì báà ṣe ìwọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àjàó Estate? Ọkọ̀ òfuurufú tó ń fò lórí ilé yín kò ní já lù yín. Ara wa le ní Ìkirè níbí, ewúrẹ́ Bàlíkísù aládùúgbò mi tún ti bí ìbejì, ó wá ń gbé imú sókè bí ẹni pé òun ló rọbí.

Ní ti iṣẹ́ rẹ ní yunifásítì, mo ti fi yangàn kiri pé ọmọ mi ń wọn ohun tí ojú kò rí, pé ẹ ń so ohun tíntìntín méjì pọ̀, ẹ ó yà wọ́n, bí ẹ bá wo ọ̀kan l'Ékòó, ẹ ti mọ bí èkejì ṣe wà nílùú òyìnbó. Pé ẹ kò wá lè fi í kí ẹnikẹ́ni ẹ káàárọ̀ lọ́hùn-ún, èmi gbà pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Mo sì bi ọ́ bóyá wàá mú Ọlálérè àfẹ́sọ́nà rẹ wá kí mi, o ní ọ̀rọ̀ yín dà bí iṣẹ́ rẹ, títí a ó fi wò ó, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ jọ wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn wo nìyẹn?

Ni mo bá la obì àbàtà, mo mú awẹ́ akọ kan, awẹ́ abo kan, mo dijú, mo fi ewé wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo pò wọ́n, mo fi ọ̀kan rán Mùktárù onímọ́tò sí ọ. Mo ní bí tèmi bá jẹ́ abo, akọ ló wà lọ́wọ́ rẹ, Ọlálérè ń bọ̀ nìyẹn. Mo tú u, abo ni! Mo fi ọ̀dà kun pálọ̀ dè é lọ́jọ́ náà.

Àfi bí o ṣe pè, o ní tìrẹ jẹ́ akọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo yàn án, pé mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, n kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ. Bàlíkísù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní Ìyá Àjíbíkẹ́, ẹ ti kunlé de obì.

Ó dáa. Fi ẹnu sọ ọ́ nígbà náà. N kò bínú, ọ̀dà náà sì dára lára ògiri, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí o bá fojú sí bàjẹ́ mọ́ ọ lójú.

Àkùkọ mi tí o pa jẹ lọ́jọ́ tí o gba sáàtífíkéètì, tí o ní wàá san án: Ọlálérè ì báà wá, kó má wá, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé òmíràn wá fún mi.